Ọ̀rọ̀ tí Hamidah kò túmọ̀

Ní ọdún 1991, nígbà tí àwọn alátakò ìjọba ní kí gbogbo Douala ti ṣọ́ọ̀bù, kí ọkọ̀ má sì rìn láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, ni dókítà sọ ohun tó ń ṣe Bàdámọ́sí fún un. Faransé ló fi sọ ọ́. Bàdámọ́sí kò sì gbọ́ Faransé ju ìkíni àti iye ọjà lọ. Hamidah ọmọ rẹ̀, tó jẹ́ ẹni ogún ọdún, ló jókòó láàárín àwọn méjèèjì tó ń túmọ̀.

Ọmọ Ìwó ni Bàdámọ́sí, ó ti lo ọdún mẹ́tàlélógún ní Douala. Bọ́tìnnì, síìpù, òwú àti abẹ́rẹ́ ló ń tà ní ọjà Marché Central, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí télọ̀ kan ní àdúgbò New Bell tí kò mọ̀ ọ́n. Ọmọ mẹ́fà ló bí, mẹ́rin ló yè; Muzzammil àkọ́bí àti àwọn méjì ìyókù ti ń gbé ìlú mìíràn, Hamidah nìkan ló kù nílé. Lẹ́yìn Ìtúnu Ààwẹ̀ ọdún náà ló fọwọ́ kan nǹkan kan níbi tó ti ń wẹ̀, tó le bí ẹkùrọ́ nínú ọmú òsì rẹ̀. Kò dùn ún. Nítorí pé kò dùn ún, kò sọ fún ẹnì kankan. Nígbà tó fi máa di Iléyá, awọ ibẹ̀ ti sún kì, bí ìgbà tí ènìyàn bá fi òwú fa aṣọ láti inú. Ìgbà yẹn ló tó lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n gé bíńtín níbẹ̀, wọ́n fi lọ yẹ̀ wò, ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ní oṣù keje ni wọ́n sì pè é pé kó wá gbọ́ èsì.

Dókítà sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó dákẹ́, ó wo Hamidah pé kó túmọ̀.

Yorùbá tí Hamidah gbọ́ kò ju Yorùbá inú ilé lọ: wá jẹun, lọ gbálẹ̀, kí bàbá rẹ, èló ni. Ó gbọ́ ohun tí dókítà wí yékéyéké, ṣùgbọ́n bó ṣe ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi sọ ọ́ ni kò rí. Ọ̀kan péré tó rí, "gé", ẹran àti aṣọ nìkan ló ti ń gbọ́ ọ mọ́.

"Kí ló wí?" ni Bàdámọ́sí bi í.

"Ó ní… ó ní kókó yẹn ò dáa, Màmá. Wọ́n máa yọ ọ́."

"Kókó yẹn nìkan?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kì í ṣe èyí tó ń bọ̀ yìí, èyí tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ní kẹ́ ẹ wá sùn síbí láti ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú rẹ̀, torí ville morte."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe ìsémọ́lé náà, pé ìlú ti kú. Bàdámọ́sí dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó sì gba ọjà lọ nítorí pé ọjọ́ Àbámẹ́ta àti Àìkú nìkan ni wọ́n ń rí tà.

Nígbà tó di Ọjọ́rú, ìyá àti ọmọ fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n lè gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò. Títì ṣófo, ilẹ̀kùn gbogbo wà ní títì, àfi àwọn sójà tó dúró sí oríta. Nọ́ọ̀sì ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Silas, ọmọ agbègbè Bamenda tí wọ́n ti ń sọ Píjìn, ló gba ẹ̀jẹ̀ náà. Nígbà tó rí i pé Bàdámọ́sí gbọ́ Píjìn, inú rẹ̀ dùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀.

"Mami, no fear," ó ní. "Dokta sabi work. E go comot all de bobi one time, e no go lef someting."

Bobi ni wọ́n ń pe ọmú ní Píjìn. Kò sí obìnrin ọjà tí kò mọ̀ ọ́n. Bàdámọ́sí wo apá rẹ̀ tí òwú tí wọ́n fi dí ojú abẹ́rẹ́ wà.

"All?" ó ní.

"All, Mami. Lef side. Dem no tell you?"

Bàdámọ́sí dìde, ó fa ìborùn rẹ̀ wá síwájú, ó rìn jáde lọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì sìmẹ́ńtì tó wà nínú ọgbà. Hamidah tẹ̀ lé e.

"Hamidah."

"Màmá."

"Ọmú mi ni wọ́n fẹ́ gé?"

Hamidah wolẹ̀.

"Mo bi ọ́ ní nǹkan."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"O sì ti mọ̀ láti ọjọ́ Àbámẹ́ta. Mo ń jẹ, mo ń mu, mò ń bá àwọn oníbàárà ṣàwàdà, o sì ń wò mí."

"Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pe àìsàn yẹn ní Yorùbá." Ẹkún ti gba ohùn ọmọ náà. "Mo wá a, mi ò rí i. Èyí tí mo mọ̀, mi ò lè fi ẹnu mi sọ ọ́ fún yín."

"Kí ni dókítà pè é?"

"Cancer."

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun létí Bàdámọ́sí, ó ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ará ọjà.

"Jẹjẹrẹ ni," ó ní. "Jẹjẹrẹ là ń pè é nílé. Wí i."

"Màmá…"

"Wí i kí n gbọ́. Ìwọ ni etí tí mo fi ń gbọ́rọ̀ níbẹ̀ yẹn. Bí wọ́n bá ní n ó kú, ìwọ ni wàá wí i fún mi. Kò tọ́ kó jẹ́ pé ẹnu ọmọ ọlọ́mọ ni n ó ti máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ara mi."

"Jẹjẹrẹ," ni Hamidah wí, jẹ́jẹ́.

"Ó dáa. Nu ojú rẹ. A ń padà wọlé."

Wọ́n dúró de dókítà fún wákàtí méjì. Nígbà tí wọ́n rí i, Bàdámọ́sí ní kí Hamidah bi í pé bí òun kò bá jẹ́ kí wọ́n gé e ńkọ́. Dókítà ní yóò bẹ́, yóò di egbò, yóò sì gba inú ara lọ sí ẹ̀dọ̀fóró tàbí egungun. Hamidah túmọ̀ rẹ̀, kò fo ọ̀kan. Bàdámọ́sí ní, bí wọ́n bá gé e, ṣé ó tán nìyẹn? Dókítà mi orí. Ó ní òun kò lè búra. Ó ní ohun tí òun mọ̀ ni pé bí wọ́n bá tètè gé e, ọ̀nà wà; bí wọ́n bá fi falẹ̀, ọ̀nà á dí. Ìyẹn náà Hamidah túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe rí. Ní ìkẹyìn, Bàdámọ́sí ní kó bi í bóyá wọn yóò bo ìyókù ara òun, nítorí pé ọkùnrin ni dókítà. Dókítà ní ibi tí òun yóò ti ṣiṣẹ́ nìkan ni yóò wà ní ṣíṣí. Hamidah kò tíì gbọ́ kí ìyá rẹ̀ mí kanlẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Mùhúdíìnì ọkọ rẹ̀ wà nílé nígbà tí wọ́n dé, ó jókòó lórí ẹní, tẹ̀sùbáà rẹ̀ wà lọ́wọ́. Ọkùnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ni. Ó ní ìyàwó kejì, Rọ̀kíbátù, tó ń gbé ilé kan tó kọ́ sí Yassa, ní ìta ìlú, ibẹ̀ ló sì máa ń lọ ní ìparí ọ̀sẹ̀. Bàdámọ́sí jókòó níwájú rẹ̀, ó sọ ohun gbogbo fún un láìfi ọ̀kan pa mọ́.

"Ká lọ sílé," ni Mùhúdíìnì wí. "Ìwó ni ká lọ. Wọn á wá nǹkan ṣe sí i láìfi ọ̀bẹ kàn án."

"Dókítà ní kò yẹ kó tún pẹ́ sí i, Alájì."

"Ara tí Ọlọ́run dá ní pípé, ṣé ọmọ ènìyàn ló yẹ kó dín in kù?"

"Eyín mélòó ni wọ́n ti yọ lẹ́nu yín?"

Ọ̀rọ̀ náà ì bá pa á lẹ́rìn-ín lọ́jọ́ mìíràn. Lọ́jọ́ yẹn, ó kó tẹ̀sùbáà rẹ̀ sílẹ̀, ó gbé ojú kúrò lára rẹ̀.

"Ìyá Muzzammil," ó ní, "ọmú ló pa ìyá mi."

Ọdún kejìdínlọ́gbọ̀n tí wọ́n ti jọ ń gbé nìyẹn, ibà ló sì máa ń sọ pé ó pa ìyá rẹ̀. Ó wá ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ó ní wọ́n fi ewé dì í, wọ́n fi oríṣiríṣi nǹkan lẹ̀ ẹ́, ó bẹ́. Ó ní wọ́n gbé ìyá òun lọ sí yàrá ẹ̀yìnkùlé nítorí òórùn, àwọn aya ilé ń gbé oúnjẹ sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń sá. Òun ti di géńdé nígbà náà, òun ló ń wọlé tọ̀ ọ́. Nígbà tó yá, ìyá fúnra rẹ̀ ní kí òun má wọlé mọ́.

"Bí ẹnì kan bá ní ká gé e lọ́jọ́ náà, à bá lé onítọ̀hún jáde," ó ní. "Bó o ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, yàrá yẹn ni mò ń rí."

Bàdámọ́sí na ọwọ́, ó fi kan orúnkún ọkọ rẹ̀. Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi pe ìrun ìrọ̀lẹ́.

"Ọjọ́ wo ni wọ́n ní ká wá?" ni Mùhúdíìnì bi í.

"Ọjọ́ Àìkú."

"N ó bá ọ lọ."

Láti Ọjọ́bọ̀ ni Bàdámọ́sí ti bẹ̀rẹ̀ sí í múra. Ó fọ aṣọ, ó fa irun abíyá rẹ̀ bí Silas ṣe ní kó ṣe. Ó wá ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó mọ̀ pé òun ti ṣẹ̀, nítorí pé ẹni tó fẹ́ sùn sábẹ́ ọ̀bẹ kò mọ̀ bóyá òun yóò jí. Ó lọ bá obìnrin tí wọ́n jọ jà nídìí ẹ̀rọ omi. Ó lọ bá télọ̀ kan tó bú lójú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn kan ò tilẹ̀ rántí ohun tó ń bẹ̀bẹ̀ fún.

"Ìyàwó ńkọ́?" ni Hamidah bi í ní ọjọ́ Ẹtì. Rọ̀kíbátù ló ń pè bẹ́ẹ̀.

"Yassa jìn."

"Ọ̀la Àbámẹ́ta ni. Taksí máa wà."

"Mo ní Yassa jìn."

Kì í ṣe jíjìn Yassa. Ọdún mẹ́sàn-án ni Rọ̀kíbátù ti wọlé, ọ̀rọ̀ wọn kò sì kọjá ẹ-kú-ilé ẹ-kú-ọ̀nà. Ní ọdún kẹrin sẹ́yìn, Rọ̀kíbátù bí ọkùnrin kan tó kú ní ọjọ́ kẹta. Gbogbo obìnrin Ìwó tó wà ní Douala ló lọ bá a dárò. Bàdámọ́sí lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní ọjà kò ṣeé tì. Ó mọ ohun tí òun ṣe, ojú rẹ̀ kò sì gbà á láti lọ dúró níwájú obìnrin náà kó dárúkọ rẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú wọ́n gbà á sí wọ́ọ̀dù. Wọ́n gbé ìwé kan fún un pé kó fọwọ́ sí i pé òun gbà kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Hamidah kà á fún un láti òkè dé ilẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ ní Yorùbá, ó ń dúró, ó ń wá ọ̀rọ̀, ó ń tún un sọ. Akọ̀wé fẹ́ fa tàdáwà sún mọ́ ọn kó fi tẹ̀ka. Bàdámọ́sí gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ ní lẹ́tà Lárúbáwá, láti ọ̀tún sí òsì, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní ilé kéú ní Ìwó nígbà tó wà ní kékeré.

Ohun tó kù ni ẹ̀jẹ̀. Àpò méjì ni dókítà ní kí ó wà nílẹ̀ kí òun tó mú ọ̀bẹ. Ẹ̀jẹ̀ Hamidah kò tó, Mùhúdíìnì ti dàgbà, ó sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ ọmọ Ìwó wá fún wọn ní àpò kan lọ́jọ́ Àìkú náà. Èkejì rẹ̀, Barakatullahi, tó ń gbé ní Bonabéri ní òdìkejì odò, ní òun yóò fẹsẹ̀ rìn wá ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ní ọjọ́ Ajé, Bàdámọ́sí gba korobá omi kan, ó wọ balùwẹ̀ wọ́ọ̀dù, ó fi ọṣẹ tí Silas fún un wẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Kò sunkún. Ó gbé ọmú náà lé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ń wò ó, ó ń rántí àwọn ọmọ tó ti mu ún. Muzzammil máa ń ge é jẹ. Àwọn méjì tó kú, wọ́n mu ún débi tí ọjọ́ wọn mọ. Hamidah kò gbà kí wọ́n já òun lẹ́nu ọmú títí ó fi pé ọdún méjì àbọ̀. Nígbà tó ṣe, ó da omi sí i, ó fi aṣọ nù ún gbẹ, ó jáde. Silas fi òwú àti oògùn olómi kan tó ń ta sánsán sí imú fọ làálì Iléyá tó kù ní èékánná rẹ̀ títí, kò lọ. Ó ní kó máa wà bẹ́ẹ̀.

Òjò ni ọjọ́ Ìṣẹ́gun fi bẹ̀rẹ̀. Agogo mẹ́jọ lù, Barakatullahi kò dé. Nígbà tó di mẹ́sàn-án, ẹnì kan tó ti ìta wá sọ pé wọ́n ti dí afárá tó lọ sí Bonabéri, pé sójà àti àwọn ọ̀dọ́ kọjú síra wọn níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń kọjá. Dókítà jáde wá bá wọn. Hamidah túmọ̀.

"Ó ní bí àpò kejì ò bá dé di ọ̀sán, òun ò ní ṣe é lónìí. Ó ní òun ò sì mọ ọjọ́ tí àyè tún máa ṣí."

Bàdámọ́sí wà lórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà nínú aṣọ ilé ìwòsàn, ebi ń pa á, wọ́n ti bọ́ yẹtí àti òrùka rẹ̀. "A gbọ́," ó ní.

Mùhúdíìnì jáde lọ sínú òjò láti wá ẹnì kan, ẹnikẹ́ni. Agogo mọ́kànlá ti ń kọjá nígbà tí obìnrin kan wọlé láti ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, omi ń jò lára rẹ̀ sílẹ̀, ó fi bàtà rẹ̀ dání lọ́wọ́ kan, ẹ̀ka ewé tútù sì wà ní ọwọ́ kejì. Rọ̀kíbátù ni.

Láti Yassa ló ti fẹsẹ̀ rìn wá. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà ló ti kúrò nílé. Ó fi Nùsíràt ọmọ rẹ̀ sọ́dọ̀ aládùúgbò, ó gba Ndokoti, ó gba ẹ̀yìn àwọn ilé iṣẹ́ Bassa tí ẹnu ọ̀nà wọn wà ní títì. Níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti sun táyà dí ọ̀nà, ó gbé ẹ̀ka ewé náà sókè, tó jẹ́ àmì àlàáfíà nígbà náà, ó sì ń sọ ọ̀rọ̀ Faransé kan ṣoṣo tó dá a lójú: "Hôpital. Hôpital." Wọ́n yà fún un.

"Alájì sọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta pé ẹ̀jẹ̀ lẹ ń wá," ó sọ fún Hamidah. "Tèmi máa ń bá ti ọ̀pọ̀ ènìyàn mu. Wọ́n sọ fún mi nígbà tí mo bí Nùsíràt."

Silas mú un lọ. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ó bá a mu. Nígbà tó jáde, ó di apá rẹ̀ mú, ó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyálé rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti bó.

"Ta ló rán ọ?" ni Bàdámọ́sí bi í.

"Kò sẹ́ni tó rán mi."

Bàdámọ́sí gbé orí sókè wò ó. "Lọ́jọ́ tí ọmọ rẹ kú, mo lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù."

"Mo mọ̀."

"Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, Rọ̀kíbátù. Foríjì mí."

Omi ṣì ń kán ní etí ìró Rọ̀kíbátù. "Ó dùn mí gan-an, Ìyálé," ó ní. "N ò ní purọ́ fún yín, ó ṣì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n mo ti foríjì yín kí n tó kúrò nílé. Mi ò jẹ́ fi ìbínú rin ọ̀nà tó jìn bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé yín lọ."

Wọ́n gbé e lọ.

Iṣẹ́ náà gba wákàtí mẹ́ta. Nígbà tí Bàdámọ́sí jí, Hamidah ló kọ́kọ́ rí. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lọ sí òsì, ó bá báńdéèjì tó nípọn, ó sì bá ibi tó ti tẹ́jú lábẹ́ rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ náà kúrò. Ọjọ́ kẹta ló tó sunkún, nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì náà fún ìgbà àkọ́kọ́ tó rí àpá náà tó gùn láti àárín àyà dé abẹ́ abíyá. Rọ̀kíbátù ló gbá a mọ́ra, nítorí pé ọkọ̀ kò rìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ tó bó kò sì tíì jiná, kò lè padà sí Yassa, orí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló sì ń sùn láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Òun ló ń bọ́ ọ, òun ló ń fi aṣọ tútù nù ún lára.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, dókítà sọ fún wọn pé jẹjẹrẹ náà ti dé inú kókó méjì ní abíyá, pé òun ti yọ wọ́n, ṣùgbọ́n pé ó ṣeé ṣe kó padà. Hamidah sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ̀ láìyí ọ̀kan padà. Wọ́n fún un ní oògùn tó ní láti máa lò lójoojúmọ́ fún ọdún márùn-ún. Nígbà mìíràn oògùn náà kì í sí ní Douala, wọn a rán ènìyàn sí Èkó.

Ó pẹ́ kí Mùhúdíìnì tó lè wo àpá náà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó ní kí ìyàwó rẹ̀ jọ̀wọ́ fi han òun. Ó wò ó dáadáa, ó fi ìka kàn án, ó sì ní, "Ó jiná." Ó jáde lọ ṣe àlùwàlá.

Àìsàn náà kò padà. Ọdún mẹ́rìnlá ni Bàdámọ́sí tún lò láyé, kì í sì í ṣe jẹjẹrẹ ló pa á. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, òkìkí kàn láàárín àwọn obìnrin ọmọ Nàìjíríà tó wà lọ́jà, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, pé ẹni tí nǹkan bá ń ṣe ní ọmú, kó lọ bá Ìyá Oníbọ́tìnnì. Ẹni àkọ́kọ́ tó wá ni Èjìdé, obìnrin ìjọ Onítẹ̀bọmi kan tó ń ta ìkòkò. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ ra òwú, ó mú òwú dúdú, ó gbé e sílẹ̀, ó mú funfun. Bàdámọ́sí dìde, ó fa ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù dé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú bọ́tìnnì bùbá tirẹ̀.

"Wá wo tèmi ná," ó ní, "lẹ́yìn náà kí o jẹ́ kí n fọwọ́ kan tìrẹ."